Etí Tó Wà Lẹ́nu Ààrò

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án

Kí n kọ́kọ́ kọ ti ẹbí. Ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn bí ọkùnrin ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, orí ọmọ náà gún régé bí ti baba mi. Ọmọ-ọmọ mi àgbà gbé ìyàwó ní ìparí oṣù keje. Ìyàwó náà ga ju ọkọ lọ, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹni tó ga ni yóò máa ká èso, kí ẹni tó kúrú máa ṣa á nílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti mú àfẹ́sọ́nà wá hàn wá. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n kí, ó kù kí a rí ìwà rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi kejì, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe búrẹ́dì, ti lóyún ìkẹrin. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú àgbà ló rí i. Ọmọ mẹ́fà, ọmọ-ọmọ mọ́kàndínlógún. Bí mo bá kú lónìí, a ò ní háyà ẹni tí yóò gbé pósí.

Ojú mi ṣì mú. Etí ni ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá alásè ilé ìwé tó ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì wa dá ogójì padà. Ó bù wọ́n sí méjì níṣojú mi. Inú wọn tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè. Ó ní, "Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n inú ló ń run àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹlòmíì ni mo máa lọ bá."

Èmi ni mo kàn wọ́n. Búrẹ́dì kan kì í jáde nílé yìí láìjẹ́ pé mo yí i padà, kí n fi eegun ìka kan ìdí rẹ̀. Èyí tó jinná a máa dún kó, kó, bí ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Èyí tí kò jinná a máa dún bọ̀, bọ̀, bí ẹni lu tìmùtìmù. Láti ìgbà tí mo ti sin ọkọ mi ni mo ti ń ṣe é, mi ò sì ṣì í rí. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ní létí mi. Mo ní kí wọ́n kó o lọ.

Mo sọ fún ọ̀gá alásè pé igi tútù ló fà á. Mo sọ fún ìyàwó mi tí a jọ ń ṣe búrẹ́dì yìí pé Baba Ẹnu-Ààrò, tó ń bá wa dá iná, ló fi iná ṣeré. Irọ́ ni méjèèjì. Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Tèmi ò gbọ́, inú mi sì bàjẹ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Àkọ́bí mi dé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Akọ̀wé nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀ kó má fa bírò yọ. Ó jókòó sórí àpò fúláwà pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú, ìdí rẹ̀ funfun báláú kó tó dìde. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣe tó. Ẹ lọ sinmi."

Mo ní, "Sinmi níbo?"

Ó ní kí a ra ààrò oníná mànàmáná tó máa ń ka wákàtí fúnra rẹ̀. Mo bi í bóyá iná tó lọ lánàá tí kò tíì dé ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún un. Ó fi bírò rẹ̀ sínú àpò.

Kó tó lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti rò wá láti ilé. Ó ní bí búrẹ́dì ilé ìwé bá tún padà, kí n kúrò lẹ́nu ààrò, kí ìyàwó mi wá ẹni tí etí rẹ̀ pé. Mo gbà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Bí èmi bá ní mi ò gbà, àwọn tó ń ti ibẹ̀ jẹun ńkọ́? Ìyàwó mi ń fọ páànù, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó lé mi kúrò nídìí kíkan búrẹ́dì, kó kúkú bá mi wá ibi tí n ó máa jókòó sí kí n máa ka eṣinṣin.

Ọjọ́rú

Abẹ́rẹ́ tí Akọ̀wé fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ooru inú búrẹ́dì: a fi gún mẹ́wàá. Àwọn tó rà wọ́n dá wọn padà, wọ́n ní eku ti jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Akọ̀wé fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kan ránṣẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo, láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ó rí bí ẹ̀pà tí a ti bó. Mo fi í sí etí ọ̀tún. Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni bàtà mi. Mi ò mọ̀ pé bàtà mi ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìyàwó mi lẹ́yìn mi, ó ń kùn sí ẹni tó ń gé fúláwà pé, "Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí o."

Mo ní, "Mo ti gbọ́ èyí náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà rín.

Lẹ́yìn náà ni búrẹ́dì jáde. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló máa ń da páànù dé, tí wọ́n á gbá a mọ́ etí tábìlì irin kí búrẹ́dì lè já bọ́. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ balẹ̀, àfi bí ẹni fi àáké la orí mi. Búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Mo fa ẹ̀rọ náà yọ, mo sì dúró síbẹ̀, mo fi ọwọ́ bo etí bí ọmọ tí wọ́n gbá létí. Gbogbo wọn ń wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo ti rí ọgbọ́n kan dá sí ẹ̀rọ Akọ̀wé. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá páànù, mo máa ń yọ ọ́ sínú àpò épírọ̀ọ̀nù mi. Bí wọ́n bá parí, mo máa ń dá a padà. Yọ ọ́, fi í sí, yọ ọ́, fi í sí. Lówùúrọ̀ yìí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ọpọ́n láti wo bí fúláwà ṣe wú. Nígbà tí mo tún máa ki ọwọ́ sínú àpò, òfìfo ni mo bá.

Wọ́n ti ń gé fúláwà náà sí ìṣù. Àwọn mìíràn ti wà nínú páànù.

Mo ní, "Ẹ dúró." Ohùn mi kò jáde dáadáa. Ìyàwó mi bi mí kí ló dé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó di orí mú. Ọmọ ọlọ́mọ a fi eyín kan ẹ̀rọ nínú búrẹ́dì mi. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídá padà mọ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni.

Ni ìyàwó mi bá na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ẹ panu mọ́. Màmá, ẹ má mira." Ó rántí pé bí nǹkan bá bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, ó máa ń súfèé. Gbogbo ilé dákẹ́. Baba Ẹnu-Ààrò nìkan ló ń to igi lọ, tó ń kọrin, bí ẹni pé a ò tó ẹni tí òun ń dákẹ́ fún. Ìgbéraga ọkùnrin yẹn pọ̀. Ìyàwó mi dẹ etí sórí ìṣù kan, ó kúrò, ó dẹ ẹ́ sórí òmíràn, bí agbẹ̀bí tó ń wá ibi tí ọmọ gbé wà. Lórí páànù kan ó dúró. Ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ó fà á yọ.

Ó ní, "Ó ń ké fíí, fíí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

A da gbogbo fúláwà ọjọ́ náà nù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá bátìrì ti ṣomi sí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Olùkọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà àwọn àgbà á ka èyí, kó má bínú, òwe ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìyàwó mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ọmọdébìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, wọ́n fi nǹkan bo etí mi, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá gbọ́. Mo tẹ̀, mo tẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò mọ̀ bóyá ohùn ni mò ń gbọ́ tàbí ìfẹ́ pé kí n gbọ́.

Ó mú bébà jáde. Ìlà orí rẹ̀ lọ tààrà díẹ̀, ó wá ṣubú bí ẹni tó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó ní, "Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní, "Búrẹ́dì."

"Ṣé ariwo wà níbẹ̀?"

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. "Bí ogun."

Dókítà ní páànù ló jẹ etí mi, díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ igi. Mo ní mi ò wá gbọ́ ohun tó jẹ ẹ́, ohun tí yóò gbà á sílẹ̀ ni mo wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ẹ̀rọ méjì tó rẹwà jáde, aláwọ̀ eérú. Ó ní ti Akọ̀wé kì í ṣe ẹ̀rọ, agbóhùnsókè lásán ni, ohun gbogbo ló ń gbé sókè. Ó ní èyí máa ń nawọ́ gba ariwo òjijì kó tó dé inú etí, bí ẹni tó gba ẹyin tó ń jábọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà ni owó rẹ̀. Ìyàwó mi wúkọ́.

Wọ́n yá mi lò ó fún ọjọ́ díẹ̀ kí n dán an wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Kí Ọlọ́run bá mi kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Wọ́n gbá páànù, ó dún bí ẹni gbá ìrọ̀rí. Mo dúró ti tábìlì irin náà gan-an, mi ò ṣẹ́jú.

Mo rí nǹkan mìíràn. Mo pe Baba Ẹnu-Ààrò lẹ́yìn rẹ̀, kò dáhùn. Mo tún pè é, kò dáhùn. Mo yípo lọ síwájú rẹ̀, mo pè é jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá."

Mo ní, "Baba, ṣé ẹ ò gbọ́ gbogbo ìgbà tí mo ti ń pè yín ni?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kì í lanu sọ̀rọ̀."

"Èmi?"

"Láti bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo rò pé ìgbéraga ni."

Mo lọ jókòó. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń bá adití jà, tí adití náà ń bá mi jà.

Ní kíláàsì, olùkọ́ pe ogún ọ̀rọ̀ fún wa láti kọ. Mo gba gbogbo rẹ̀, kódà nígbà tí aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fọ̀rọ̀ sọ sí mi létí. Ó ní ẹ̀rọ mi ń jí ìdáhùn wò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Lánàá, ìyàwó mi ló gé búrẹ́dì wò; lónìí ni mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tuntun yìí kàn án.

Mo kan búrẹ́dì àkọ́kọ́. Kò dún. Mo kan èkejì. Bí ẹni fi ìka kan òwú. Mo ní wọn ò tíì jinná, kí wọ́n dá wọn padà. Wọ́n dá wọn padà. Mo tún kàn wọ́n, bákan náà. Baba Ẹnu-Ààrò ń wò mí, ó ń wo iná, ó ń wò mí. Ìyàwó mi ní, "Màmá, òórùn ẹ̀ ti ń yí padà." Mo ní kó jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi. Èéfín ló parí ọ̀rọ̀ fún wa. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ọ̀kan sí méjì níwájú gbogbo wọn. Ó ti jinná láti ìgbà àkọ́kọ́. Ní báyìí èèpo rẹ̀ ti di èédú. Odindi ààrò kan.

A sọ fún ilé ìwé pé ògiri ààrò ló là. Ọ̀gá alásè ò bá wa jà. Ó kàn sọ pé ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wo ọmọ wọn, ìlọ́po méjì lòun fẹ́ lọ́jọ́ náà, "kí ògiri yín má là o." Mo mọ ohun tó wà nínú ìyẹn.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sídìí tábìlì. Mo ń gbọ́ aago. Mo ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún nílé kejì. Mo kan tábìlì, mi ò gbọ́. Mo kan ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́. Mo wá mọ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ onílé yàtọ̀ sí olè. Ohunkóhun tó bá dún lójijì, ó ń gbé e mì, ìka tèmi náà wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Mo kó páànù kan, irin pẹlẹbẹ kan àti búrẹ́dì méjì sínú àpò, ọ̀kan jinná, mo mọ̀ọ́mọ̀ fa èkejì yọ kó tó jinná. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà yẹ àpò náà wò. "Ìyá, ṣé oúnjẹ aláìsàn ni?"

Mo ní, "Ẹ̀rí ni."

Mo tò wọ́n sórí tábìlì dókítà. Mo ní kó kàn wọ́n. Ó kan ọ̀kan, ó kan èkejì, ó ní bákan náà ni wọ́n dún. Mo sọ fún un pé ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga ní í sọ pé ẹga ń pàtótó. Mo ní kó di ojú, kó tún kàn wọ́n. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ojú rẹ̀ tó yí padà.

Ó ní, "Ọ̀kan ṣófo."

Mo ní, "Èyí tó ṣófo la máa ń tà."

Ó gbé ohun kan tó fi ń wọn ariwo jáde. Ó wọn ìka mi, ó ní kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ó wọn páànù: olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ló bá wa gbá a mọ́ irin, ọkùnrin kan sì sáré wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń dúró, ó ní kí ló bú gbàmù. Dókítà bẹ̀ ẹ́ kó lọ jókòó. Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ olówó ńlá yẹn, bí ohùn ṣe yára tó ló ń wò. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ohùn ṣe tóbi tó nìkan ló ń wò: ó ní àjà tí òun kàn mọ́ ọn lókè, ohun tó bá kéré á kọjá lábẹ́ rẹ̀, ohun tó bá tóbi á forí sọ àjà náà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ni méjèèjì. Ó máa ń lo ọdún márùn-ún bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀.

Mo ní, "Èwo wá ni àléébù rẹ̀?"

Ó ní láàárín èrò, kò lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀pọ̀. Ó ní nítorí ìyẹn ni àwọn ènìyàn kì í ṣe é mú. "Ìyá, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ ní ọmọ-ọmọ púpọ̀."

Ó gbé àjà náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e sókè, olùrànlọ́wọ́ ń gbá páànù, mò ń kan búrẹ́dì, títí dókítà fi ní kí a má ba iṣẹ́ òun jẹ́. Kí n tó lọ, ó gba ti olówó ńlá padà, ó yá mi ní alájà yìí kí n dán an wò, ó sì ní kí a fi nǹkan bo tábìlì irin wa, kí àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn má bàa wá bá òun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A fi rọ́bà táyà bo etí tábìlì. Búrẹ́dì kọ̀, kò já bọ́. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ fà á, wọ́n ń ṣépè fún dókítà. A yọ rọ́bà, a fi àpò fúláwà ṣíṣẹ́po dípò rẹ̀. Ó já bọ́, ariwo sì dín kù díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mò ń gbọ́ ìdí búrẹ́dì padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀. Kó ti di kẹ́. Bọ̀ ti di bẹ̀. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì jọra bí ọmọ ìyá méjì tó wọ aṣọ kan náà. Mò ń kàn, mò ń sọ, ìyàwó mi ń gé e wò. Lọ́jọ́rú mo ṣi mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Lánàá, méjì. Lónìí, ọ̀kan. Ọ̀kan ti pọ̀ jù.

Búrẹ́dì gígé kún ilé. Ìyàwó mi ní bí òun bá tún fi búrẹ́dì kan ẹnu, ọmọ inú òun á bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi fúláwà. Ó wá gbọ́ ohun tó sọ, ó panu mọ́. Mo ní mo ti mọ̀ láti ìgbà tí ó ti ń sá fún òórùn yíìsì. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ràn."

Fúláwà tún ti fi ẹgbẹ̀rún kan lé. Òjò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àwọn ọmọ pé wá kí mi. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dún létí mi bí òjò lórí òrùlé irin. Mò ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Ọmọ kékeré kan bi mí ní nǹkan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn wò mí. Ó jọ pé ó bi mí bóyá mo fẹ́ fẹ́ ọkọ mìíràn.

Akọ̀wé jókòó tì mí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun san owó ti ọ̀ọ́dúnrún, kí n lè máa gbọ́ ọmọ mi. Kò fa bírò yọ. Mo mọ̀ pé láti inú ló ti sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ kí ọjọ́ àwọn òbí kọjá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ààrò àkọ́kọ́ jáde láìsí wàhálà. Mo kàn wọ́n, kẹ́, kẹ́, kẹ́, a tò wọ́n sínú ọkọ̀. Ọmọ mi kejì ló ń wa ọkọ̀ náà. Ó ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó sì ń fọn fèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ìyàwó tuntun jáde.

Ààrò kejì jáde. Ìlà kan wà tó máa ń wà lẹ́bàá ògiri òsì, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Mo kan ọ̀kan níbẹ̀, ó dà bí bẹ̀. Mo tún kàn án, ó dà bí kẹ́. Àyà mi ń lù ju ìka mi lọ.

Mo ní, "Ẹ dá ìlà yìí padà."

Ìyàwó mi wo àwọ̀ wọn. "Màmá, wọ́n pọ́n dáadáa."

"Èèpo lo rí."

"Màmá, aago ń lọ. Ẹ rántí ti ọjọ́ Ẹtì yẹn."

Mo rántí rẹ̀ ju òun lọ. Bí mo bá dá wọn padà tí wọ́n sì ti jinná, wọ́n á jó, ọkọ̀ á pẹ́, ó parí. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n lọ tí wọn ò sì jinná, ó parí náà. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́, mo gbé ìka sókè. Ibi tí mo ṣe é dé nìyẹn tí obìnrin kan fi ẹsẹ̀ kọ ìtò páànù lẹ́yìn mi. Gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó ń ro gbàràgàdà, ó ń yí kiri. Àwọn obìnrin ké. Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Mo gbọ́ ọ. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó forí sọ àjà, ó dúró síbẹ̀. Búrẹ́dì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Páànù ìkẹyìn ò tíì dákẹ́ nígbà tí mo kàn án.

Bẹ̀.

Mo fún ìyàwó mi. Mo ní, "Gé e."

Ó gé e. Ojú ọ̀bẹ rẹ̀ jáde pẹ̀lú fúláwà tútù. Baba Ẹnu-Ààrò, tí kò gbọ́ ohun kan nínú gbogbo rẹ̀ àfi ohun tó fojú rí, ti ń ṣí ẹnu ààrò.

A pẹ́ dé ilé ìwé. Mo bá wọn lọ. Mi ò lè jókòó sílé. Ọ̀gá alásè dúró lẹ́nu géètì, ó ká ọwọ́ gbera. "Ìyá, àwọn òbí ti ń wọlé." Ó fa búrẹ́dì kan yọ lókè, ọ̀kan láàárín, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó bù wọ́n. Ó fi àtàǹpàkò tẹ inú wọn, inú wọn wú padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ gbé e wọlé."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí a fẹ́ yí ọkọ̀ padà ló kan gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní láti ọjọ́ Ajé kí a máa fi ogún kún tòun.

Mo gbọ́ ìka rẹ̀ lára gíláàsì náà kí n tó rí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Akọ̀wé pè mí lórí fóònù láàárọ̀. Ìyàwó mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì fi iyọ̀ sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ ti borí. Ní báyìí ẹ jẹ́ kí n ra èyí tó dára fún yín."

Mo ní, "Dára fún kí ni?"

"Kí ẹ lè máa bá wa sọ̀rọ̀ bí a bá pé jọ."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà kí n tó fèsì. Ó dùn mí. Òjò orí òrùlé yẹn, ọmọ mi ni, n ó sì pàdánù díẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n èèyàn kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gidi ló fẹ́ sọ. Mo ní kí ó sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ kó wá ní òun nìkan, kó jókòó síwájú mi, kó sì ní ohun tó fẹ́ sọ. Ilé á tòrò.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á san ti àádọ́jọ nígbà náà. Mo ní etí ta ni? Ó ní tiyín. Mo ní ṣé o rí i, èmi ni n ó san án.

Láti òní, ìyàwó mi ń dúró tì mí lẹ́nu ààrò. Mo kàn, òun náà kàn, ó sọ tirẹ̀ kí n tó sọ tèmi. Mẹ́fà ló ṣì nínú mẹ́wàá. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀, pé irọ́ ni mo ti ń pa fún gbogbo ayé láti ìgbà yìí. Mo ní kó di ojú. Ọdún márùn-ún la ní, ó sì ní etí tó dára ju tèmi lọ, bí ó bá lè dẹ́kun àròyé.

Mo ti sọ fún ẹni tó ń kó fúláwà wá kó má kó ti ọ̀sẹ̀ yìí wá, a ó lo èyí tó wà nílẹ̀. Mo ti ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi kà á lẹ́ẹ̀kan, iye wa dọ́gba. Ọmọ mi kejì ni yóò mú un lọ fún dókítà lọ́la, yóò sì gba rìsíìtì. Mo kọ ọ́ sára àpò-ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: fún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn alájà, etí méjì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ, ó pé.